Àpò Lẹ́tà Tó Wọ Agbọ̀n Bébà

Kọ́bọ̀ kan ni àkàrà mẹ́ta nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, alákàrà yóò sì tún ya ojú ìwé kan tí ọmọ ilé ìwé ti lò tán, yóò fi dì í fún ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, igba náírà ni mo fi ra ẹyọ méjì lẹ́bàá ọ̀nà. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n kó o sí fún mi. Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sọ sínú gọ́tà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dí omi lọ́nà pátápátá. Mo dúró, mo ń wò ó. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà yóò rò pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ní ìgbà èwe wa, ìgò ṣófo kan tó mọ́ tónítóní ń gba kọ́bọ̀ kan. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bá rí ìgò kan he ti rí àkàrà mẹ́ta jẹ. Ta ni yóò wá ju ìgò nù? Lónìí, àpò ńlá tí ike omi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó búrẹ́dì lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà á títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí gan-an ni mo jókòó láti sọ, kì í ṣe ti àkàrà.

Tísà ni bàbá mi ní ilé ìwé ìjọ. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀, kẹrosíìnì, ṣúgà, mílíìkì inú agolo àti ọṣẹ. Ilé tí tísà àti oníṣòwò bá jọ ń gbé, pàǹtírí kì í wọ́n níbẹ̀. Bébà ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, páálí àti agolo ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Síbẹ̀, mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa gbé nǹkan lọ sí ààtàn, àfi ilẹ̀ tí a bá gbá.

Lẹ́yìn ilé ìdáná wa, níbi tí páànù ti yọ síta díẹ̀ tí òjò kò lè dé, agbọ̀n mẹ́ta wà níbẹ̀ àti ìkòkò ńlá kan tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbọ̀n kan jẹ́ ti ìgò, ọ̀kan jẹ́ ti agolo, ọ̀kan jẹ́ ti bébà. Ìkòkò tó sán yẹn ni ti eérú. Èèpo iṣu kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀, ewúrẹ́ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá pa kòkó ní oko bàbá mi lọ́nà Ìṣẹ̀, a máa ń sá èèpo rẹ̀ gbẹ, a ó sun ún, eérú rẹ̀ yóò bá ti ààrò nínú ìkòkò. Obìnrin kan tó ń se ọṣẹ dúdú ló ń kó o. Bí ó bá kó eérú lọ lónìí, tó bá di ìgbà díẹ̀ sí i, yóò gbé ìṣù ọṣẹ wá fún ìyá mi. Ọkùnrin kan wà tó ń fi agolo ṣe fìtílà, òun ló ni agbọ̀n agolo, fìtílà tí mo fi ka ìwé títí mo fi wọ girama, agolo mílíìkì ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni. Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe rí? Kò sí ohun tó jáde nínú ilé wa tí kì í fi ara mìíràn padà wọlé.

Ìyá kan tó tinrín bí igi ìfọ́yín ló ni agbọ̀n ìgò àti ti bébà. Ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ni ilé rẹ̀ wà. Ìyá Oníbébà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò mọ ìwé rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ bébà ju ojú àwa tí a mọ̀wé lọ. Yóò fi ìka méjì pa á, yóò sọ pé èyí dára fún àkàrà, èyí yóò mu epo jù, ti ẹ̀pà ni, èyí le, àwọn alásáà ni yóò rà á. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè ní àràárọ̀ Sátidé.

“Ẹ mú ugò wá o! Ẹ mú bébà wá o!”

Ugò ni àwa ará Ìkẹ́rẹ́ ń pe ìgò. Bí mo bá gbọ́ ọ, ọkàn mi á máa fò, nítorí pé ẹ̀pà ló fi ń san owó bébà, èmi tí mo to bébà náà sì ni mo ni ẹ̀pà. Àwa ọmọdé máa ń dọ́gbọ́n. A máa ń wọ́n omi sí àárín bébà kó lè wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wá.

“Ọkọ mi,” yóò wí fún mi, “òjò ilé yín yìí mà ga o. Inú agbọ̀n bébà nìkan ló ń rọ̀ sí.”

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, yóò sì bu ẹ̀pà fún mi síbẹ̀síbẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi fi lélẹ̀ nípa agbọ̀n bébà. Lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ àfi tí bàbá mi bá ti fi ọwọ́ ara wọn fà á ya sí méjì. Bí o bá rí bébà tó ya sí méjì, o mọ̀ pé bàbá ti parí pẹ̀lú rẹ̀. Àpò lẹ́tà nìkan ni a kì í ya, torí odindi ni àwọn alásáà ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń bu ásáà sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọwọ́ sínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó bóyá ó ṣófo. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo wà ní ìwé karùn-ún. Iṣẹ́ náà kò le.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta nígbà náà, wọ́n sì ti ṣe ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ tísà. Kí wọ́n tó ṣe ìdánwò yẹn rárá ni wọ́n ti ń ṣe tísà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n á fi èédú kọ A, B, D sára ògiri, tí wọ́n á fi ọwọ́ ọmọrogùn tọ́ka sí i. “Tísà Kékeré” ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Bàbá mi, tí kì í yin ọmọ lójú, a máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá lọ́nà tí kò nídìí, kí wọ́n lè gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo wa pé lẹ́tà ń bọ̀ kí Kérésìmesì tó dé, pé ẹni tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ẹni tí kò bá rí nǹkan kan, kó tún ara mú.

Lẹ́tà náà dé. Ọkùnrin kan tó máa ń bá ìjọ jíṣẹ́ láti Adó ló já a sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà pọ̀ níwájú ìyá mi, ó kàn fi í sábẹ́ agolo mílíìkì kan lórí káńtà, ó ní òun yóò fún bàbá bí ọjà bá rọlẹ̀. Ọjà kò rọlẹ̀. Ìyá mi gbàgbé, torí lẹ́tà ìjọ tí ọkùnrin náà máa ń mú wá fún bàbá ló pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú àpò tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ọ́fíìsì ìgbà náà kì í fi nǹkan ṣòfò, bíi ti ilé wa. Bí lẹ́tà bá dé sí ọ́fíìsì kan, wọn kì í ju àpò rẹ̀ nù. Wọ́n á fi gègé fa ìlà lórí orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n á lẹ bébà funfun pélébé kan lé e, wọ́n á kọ orúkọ ẹlòmíràn sí orí bébà náà, wọ́n á tún fi ránṣẹ́. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi sí. Ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ la wà, ọyẹ́ tó ń la ètè ènìyàn. Gọ́ọ̀mù gbẹ, ẹnu àpò là sílẹ̀, bébà funfun ṣí, ó jábọ́, wọ́n sì gbá a mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí èmi wá palẹ̀ orí káńtà mọ́ ní àárọ̀ Sátidé, àpò àlòkù tí wọ́n ti fa ìlà lórí orúkọ rẹ̀ ni mo rí. Mo gbé e, ó wúwo díẹ̀. Mi ò fi ọwọ́ sínú rẹ̀. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín yìí: mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà ni mo ń rò.

Ìyá Oníbébà fi ọwọ́ wọn bébà wa lọ́jọ́ náà, ó ní, “Ọkọ mi, ilé yín ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ yìí,” ó sì bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ méjì fún mi dípò ọ̀kan. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mi ò fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹyọ kan.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe Sátidé, ìyá náà yọ sí wa láìru igbá. Bàbá mi wà lóko, ìyá mi lọ sọ́jà, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí pósọ́fíìsì láti béèrè lẹ́tà bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó yọ bébà kan tó ti ká sí mẹ́rin jáde.

“Gba èyí fún bàbá rẹ. Inú àpò kan láàárín bébà ilé yín ni mo ti rí i nígbà tí mò ń to ẹrù mi. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣòwò yìí, mi ò fi bébà tó ní òǹtẹ̀ di ẹ̀pà rí.” Ó wò mí. “Ọwọ́ méjèèjì ni kóo fi fún wọn o. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

Nígbà tó lọ tán, mo tú u. Òyìnbó tí mo gbọ́ nígbà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i pé wọ́n ti mú wọn. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé ọ̀hún, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, àwọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ó sọ pé ọjọ́ mẹ́rin tó. Ó tó. Bàbá mi ìbá ti gbé kẹ̀kẹ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an lọ wá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ pàṣán bàbá mi. Mo rò ó pé bí mo bá mú lẹ́tà náà jáde, wọn yóò béèrè ibi tó ti wá, ọ̀rọ̀ yóò dé orí agbọ̀n, yóò dé orí ẹ̀pà. Mo ní n óò fi í há inú Bíbélì wọn, kó dà bíi pé ibẹ̀ ló ti wà. Mo fi í sábẹ́ ẹní mi ná. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bàbá mi ti oko dé, inú wọn kò dùn, wọn ò fi Bíbélì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé wọ́n ti ka Bíbélì náà láàárọ̀ àti lálẹ́, pé wọn yóò mọ̀ pé kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báyìí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe ń ronú. Ọjọ́ kẹrin kọjá lórí mi bí mo ṣe ń ronú. Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, mo fi lẹ́tà náà sínú iná tí a fi ń mú omi gbóná.

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kó eérú ààrò náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń dà á sínú ìkòkò tó sán. Nígbà tí obìnrin ọlọ́ṣẹ gbé ìṣù ọṣẹ wá níkẹyìn, mi ò lè fi wẹ̀. Wọ́n ní mo ń ya ọ̀lẹ.

Ìyá Oníbébà kò gbàgbé. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé bàbá rẹ rí bébà yẹn?” Mo ní wọ́n rí i, pé wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìyá náà dùn débi pé ó bu ẹ̀pà kún ẹ̀pà mi.

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó rí lẹ́tà ti wọ lọ́rì lọ, ó ku ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Títí oṣù fi parí ni wọ́n ń lọ sí pósọ́fíìsì. Akọ̀wé ibẹ̀ yóò ti máa mi orí kí wọ́n tó dé iwájú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n nu gbogbo A, B, D tó wà lára ògiri kúrò. Ìyá mi ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà. Wọ́n dáhùn pé, “Ìyá mi, orí mi è gbé ùwé. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.” Wọn kò ṣe ìdánwò mìíràn mọ́. Láti ìgbà náà, bàbá mi kò gba ẹ̀yìn ilé kọjá mọ́ àfi tó bá nídìí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé Ìyá Oníbébà. Wọ́n ń bá a ru igbá, wọ́n sì kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, wọ́n gba òwò náà ṣe. Wọ́n ń ra ìgò dé Ìṣẹ̀, dé Ọ̀rùn, dé Ẹmùrẹ́, wọ́n ń kó páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò, wọ́n ń ra ìwé àlòkù ní ọ́fíìsì. Bàbá mi fẹ̀yìn tì nígbà tí mo wà ní girama. Owó ìgò ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi parí rẹ̀. Páálí àti ìgò ni ó rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kà á sí mi létí. Ọjọ́ tí mo gba oyè, wọ́n fi ọwọ́ kan aṣọ oyè tí mo wọ̀, wọ́n pa á láàárín ìka méjì gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ṣe máa ń pa bébà, wọ́n ní, “Èyí dára. Orí tìrẹ gbé e fún wa.” Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ya fọ́tò ń pè wá.

Ìkẹ́rẹ́ ti yí padà. Wọ́n ń ju ike, ọ̀rá, bátìrì, ọbẹ̀ tó kan àti aṣọ tó gbó pọ̀ mọ́ra sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á wá ti iná bọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ yóò wọ inú ilé ẹni. Bí òjò bá rọ̀, omi á gbé èyí tí iná kò jó wá bá wa nílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbìyànjú, wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ máruwá kiri, wọ́n ń ra ike àti agolo, wọ́n ń kó o lọ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ti bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé bàbá wa, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya ike líle sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó rọ̀, tí wọ́n ń já ọmọrí kúrò, tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ náà wí pé, “Ìwọ yìí, ta ló kọ́ ẹ pé kóo da ti epo mọ́ ti omi? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé nìyẹn?” Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. Tísà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí wọn. Ọmọ ọmọ wọn ti rí àyè wọ yunifásítì, orí fóònù ni ìròyìn náà gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi yí ike kan lọ́wọ́, wọ́n wá bi mí pé, “Àbúrò mi, ìwọ tóo mọ̀wé, ṣé nígbà tiwa, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà ẹni sọnù lọ́nà?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Àǹtí mi.”

Wọ́n ní, “Ìbéèrè lásán ni,” wọ́n sì ju ike náà sínú àpò tirẹ̀.

Mo délé, mo kọ gbogbo èyí. Mo fi ẹ̀dà kan sínú àpò lẹ́tà tuntun, mo kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà, kí ọmọ ọmọ wọn lè kà á fún wọn. Ó ṣì wà lórí tábìlì mi níbí. Lánàá mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo tún gbé e padà.

Bàbá mi ti kú, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ìyá mi tẹ̀lé wọn. Ìyá Oníbébà ti kú kí n tó wọ girama, obìnrin ọlọ́ṣẹ ti kú, ọkùnrin onífìtílà kú sí Adó lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé pósọ́fíìsì kò sí mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó mọ agbọ̀n mẹ́ta àti ìkòkò ẹ̀yìn ilé yẹn, àwa méjì péré ló kù láyé, ọ̀kan nínú wa kò sì tíì mọ̀ pé òun yege.